Ìwé Tí Mo Kà fún Àbúrò Mi

Ìwé pélébé tí wọ́n fún yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a sin àbúrò mi, èmi ni mo kọ ìtàn ayé rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ kà á pé ó sùn nínú Olúwa "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Irọ́ ni mo pa. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni àìsàn náà fi jẹ ẹ́. Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ì bá dá a dúró, nítorí pé ọwọ́ mi ni ohun náà wà. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun bí egungun ẹja: kò lọ sísàlẹ̀, kò wá sókè. Mo rò pé mo lè gbé e bẹ́ẹ̀ wọ sàréè. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó olóògbé wá bá mi nílé, ó sì sọ ohun kan tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. N óò dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi àtíkè kùn ún lójú.

Iṣẹ́ ojú irin là ń ṣe. Àwa kọ́ là ń wa ọkọ̀. Àwa là ń tún ọ̀nà tó ń gbà ṣe. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wá nígbà náà, èmi sì ni fóománì wọn. Bí irin kan bá ti jẹ tàbí tó wọ́, a ó tú u, a ó gbé e kúrò, a ó sì gbé tuntun sí ipò rẹ̀. Irin kan ṣoṣo gùn ju ilé oníyàrá mẹ́rin lọ. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè pọ̀ tó tí yóò gbé e, bí àwọn tó di í mú kò bá mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní adárin. Òun ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò máa dá orin, tí àwa yòókù yóò máa gbè é, ibi tí ègbè bá sì parí sí ni gbogbo ẹ̀yìn ti ń nà. Kí a tó rí adárin gidi, irin bọ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kan, ó sì gé ìka ẹsẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wa. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń pe ara rẹ̀ ní Mẹ́jọ. Bí ẹ bá bi í pé ṣé dáadáa ló wà, á ní, "Mo wà, àwọn mẹ́jọ tó kù náà wà."

Adárin tí a wá rí ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Àfín ni. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, lẹ́tà inú ìwé sì máa ń sá fún un. Ó ní ńṣe ni wọ́n ń rìn bí eèrà tí a da omi lé lórí. Ohùn ni Ọlọ́run fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Agogo ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Á gbé ẹnu sókè, á ní, "Irin yìí wúwo!" A ó dáhùn pé, "Àwa náà wúwo!" "Ta ló bí i?" "Iná ló bí i!" "Ta ni yóò gbé e?" "Ọmọ èèyàn ni!" Níbi "èèyàn" yẹn ni irin yóò ti kúrò nílẹ̀. Mẹ́jọ máa ń sọ fún un pé, "Agogo, ká ní ohùn yìí lo fi tọrọ ìyàwó ni, bàbá ọmọ ì bá fi ìyá ọmọ kún un." Àbúrò mi á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó sílé ọkọ ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ nìkan, mi ò tíì bá a jiyàn kí n borí rí."

Ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ lójú irin rí kò lè mọ bí oòrùn ibẹ̀ ṣe rí. Orí òkìtì ni wọ́n la ọ̀nà náà sí, a sì máa ń gé gbogbo igi tó bá sún mọ́ ọn kó má baà wó dí i. Oòrùn á máa ti òkè bọ̀, á máa ta padà láti ara irin, òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ á sì máa mí ooru sí wa lẹ́sẹ̀. Bí o kọjú síbí, oòrùn. Bí o kọjú sọ́hùn-ún, oòrùn. Kí ìyá wa tó kú, ó fà á lé mi lọ́wọ́ pé, "Ìwọ lojú ẹ̀ o. Ara àbúrò rẹ kò ní ààbò tí tìẹ ní. Bóòrùn bá mú, wá ibi fi í pamọ́ sí." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Ẹ rántí ìyẹn bí ẹ ṣe ń kà á lọ, kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Egbò kan bí orí ìṣáná ló kọ́kọ́ yọ sókè etí ọ̀tún rẹ̀. Á gbẹ, á tún ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì tí kò lọ, mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́, ó sì lọ. Ọ̀sán ni ó padà wá bá mi nínú ilé páànù kékeré tí a ń kó irinṣẹ́ sí, ó na ìwé kan sí mi. "Bọ̀dá mi, nọ́ọ̀sì ní tiyín ni. Ó ní kẹ́ ẹ kà á fún èmi náà." Mo kọ́kọ́ kà á sínú. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, mo ń dà á kọ láti inú ìwé náà gan-an: "Ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn mọ́, ì báà ṣe ọjọ́ kan. Egbò etí rẹ̀ ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ ní kíákíá, nítorí pé ó lè di jẹjẹrẹ. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ti gbà láti fi í ṣe ẹni tí yóò máa kéde ọkọ̀ fún èrò, abẹ́ òrùlé ni. Kí fóománì fọwọ́ sí i, kí ó sì dá a padà láàárín ọjọ́ méje." Nísàlẹ̀ ó tún kọ ọ́ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kùtù hàì, kí wọ́n sinmi tí oòrùn bá ti gòkè, kí a ta tapólì bò wọ́n, kí wọ́n sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n.

Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ni ọ̀gá àgbà wá wo iṣẹ́. Ó fi bàtà ta òkúta, ó ní, "Fóománì, apá ọ̀nà tó wà lẹ́bàá afárá yìí, kójò tó dé ni mo fẹ́ ẹ. Bó o bá parí ẹ̀, ìwọ ni máa fi ṣe alábòójútó gbogbo ọ̀nà yìí. Bó ò bá parí ẹ̀, máa mọ̀ pé ogbó ti dé sí ọ." Láìsí Agogo, iṣẹ́ ọjọ́ kan yóò di ti ọjọ́ méjì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mú ìwé náà dání. Àbúrò mi dúró níwájú mi, ó yí etí tó ń dùn ún sí mi kó lè gbọ́ dáadáa. Mo gbé ìwé náà sókè bí ìgbà tí mo bá ń ka Bíbélì níwájú ìjọ, ohùn mi kò gbọ̀n, mo sì kà jáde pé: "Egbò ooru lásán ni. Kí ó máa fi ìpara pa á láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Kí ó máa dé akẹtẹ̀. Kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ." Ó ní, "Ó tán?" Mo ní, "Ó tán." Ó ní, "Mo rò pé ó gùn ju báyìí lọ. Ó pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ ọ́." Mo ní, "Ọ̀rọ̀ gígùn ni wọ́n fi ń sọ nǹkan kúkurú." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bíi pásítọ̀ wa." Ó dé akẹtẹ̀ rẹ̀, ó padà sínú oòrùn.

Ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù ló kọ́ mi níwèé. Tíṣà wa, ẹni jẹ́jẹ́ kan, máa ń sọ pé bí ẹni tó mọ̀wé kà bá jókòó ti ẹni tí kò lè kà, ó ti di ojú fún onítọ̀hún. Mo di ojú lóòótọ́, ojú tí ń purọ́. Mo wá àwíjàre fún ara mi. Mo ní nítorí ìka ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni. Bí adárin bá lọ, ẹsẹ̀ ta ni irin yóò tún gé? Ẹ má gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ nítorí ìka ẹsẹ̀ ni, ǹ bá ti máa kọ́ ẹlòmíràn lórin. Àga alábòójútó ni mo ń wò. Nígbà tí ìwé kò padà, wọ́n fi ọkùnrin mìíràn sídìí ìkéde. Ohùn onítọ̀hún ń dún bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Lọ́jọ́ kan tí a dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀, àbúrò mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá èrò lóró. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún mi lọ́jọ́ kan péré, ọkọ̀ gan-an á mọ̀ pé òun ti dé." Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹta lẹ́yìn ìwé náà, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá. Mo rí agbòòrùn funfun tó ń bọ̀ lẹ́bàá ojú irin, mo sì yára lọ pàdé rẹ̀ kó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mi. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé mi ò padà o." Mo ní, "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibùdókọ̀ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti ń kéde, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gé egbò náà." "Ọlọ́run ṣeun! Ọkàn mi ò balẹ̀ látọjọ́ yìí." Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn mi, àbúrò mi ń béèrè pé ta ló bí irin. "Ta ló ń kọrin yẹn, sà? Ohùn ẹ̀ mà dùn o." Mo ní, "Ẹlòmíràn ni." Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó máa mu omi. Ẹ̀yin náà, ẹ wo bí ẹ̀yìn ọrùn yín ṣe bó." Ó yí padà, ó lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, àbúrò mi bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ta ló gbé nǹkan funfun yẹn dání?" Mo ní, "Èrò tó ṣìnà ni."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di pàkúté. Mi ò lè jẹ́ kó lọ sí ilé ìwòsàn mọ́, nítorí pé nọ́ọ̀sì yóò rí i. Mo sọ fún un pé wọ́n ti ti ibẹ̀ pa, èmi fúnra mi ni mo sì ń ra ìpara tí mo ń fún ìyàwó rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí ìwé náà mọ́, nítorí pé déètì wà lórí rẹ̀. A parí ọ̀nà ẹ̀bá afárá kí òjò tó dé, wọ́n fi mí ṣe alábòójútó, wọ́n fún mi ní yàrá tó ní fáànù àti ilẹ̀kùn tó ń pa ara rẹ̀ dé. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ro bí mo ṣe lè dá a sílẹ̀ láìtú ara mi fó. Ọ̀nà yòówù kí n rò, déètì yẹn dúró síbẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́. Àwọn ìkà mìíràn a máa ti ènìyàn mọ́lé. Èmi ti ọmọ ìyá mi mọ́ta, sójú oòrùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, èmi náà kò sì rí ọ̀nà jáde nínú yàrá tí mo wà.

Egbò náà jẹ etí rẹ̀ dé ìdí. Kókó kan wá sọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ já, mo wá wo iṣẹ́ wọn. Irin wà lọ́wọ́ wọn lókè, ó dé "Ta ló," kò sì lè parí rẹ̀. Mẹ́jọ, tí kò mọ orin kọ rárá, ló gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ta ló bí i o!" Ohùn rẹ̀ burú débi pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbè é, irin náà sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ láìpa eèrà. Mo dúró, mo ń wo irin náà nílẹ̀. Àwíjàre tí mo ti ń rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yìí, Mẹ́jọ fi ohùn burúkú pa á lójú mi.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, dókítà yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó bi wá pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí?" Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, ó ní, "A lo ìpara bí ìwé ṣe wí, sà." Dókítà ní, "Ìwé wo?" Mo yára dáhùn pé, "Ó ti sọnù, Dókítà." Wọn kò rí iṣẹ́ abẹ kankan ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ku èmi àti òun nìkan, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ti di afẹ́fẹ́. "Bọ̀dá mi, ẹ ka ìwé nọ́ọ̀sì yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i." Ìwé náà wà nílé, nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ. Ọwọ́ mi ṣófo. Àkókò tó yẹ kí n sọ òtítọ́ nìyẹn. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀, kò sì ní lágbára láti bú mi. Mo ní, "Egbò ooru lásán ni. Kí ó máa fi ìpara pa á láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Kí ó máa dé akẹtẹ̀. Kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ." Kò sí ìró ìwé kankan nínú yàrá náà, òun sì rèé, ẹni tó jẹ́ pé etí ló fi ń ríran. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ti há a sórí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi. Ẹ bá mi fa aṣọ fèrèsé yẹn, oòrùn ti ń dé ẹsẹ̀ mi." Mo dìde, mo fà á. Láàárín ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dí oòrùn fún un. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Mi ò mọ ohun tó mọ̀. N ò sì ní mọ̀ ọ́n láé.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ìwà ìkà mi pin sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé mi lówùúrọ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ó ti fẹ́ pa mí. Ìgbà kan wà tí ìpara tán nílé. Ọmọ wa ń ṣàìsàn, ojú mi ò gbélẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò rántí sọ fún yín. Ìwé ní àárọ̀ àti ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ méjì, Bọ̀dá! Èmi ni mo pa ọkọ mi." Ó fi orí kan ilẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ tí mo fi di ìwé náà mú, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́." Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ọkàn mi. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó síbi tó ti kúnlẹ̀. Mo ti mú ọkọ rẹ̀ lọ, mo wá tún gbé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ mi rù ú.

Mo ti da ìwé nọ́ọ̀sì kọ. Ẹ̀dà kan ń lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ẹni tí mo fi irọ́ sí lẹ́nu láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe é. Mo rò pé bí mo bá kọ ọ́ tán, àyà mi yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọn yóò fi ṣe fóománì lọ́la, mi ò ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ fi hàn yín. Bí ẹ bá rí ẹni tí awọ ara rẹ̀ ń pọ́n, tó ń bó, ẹ má dúró de ìwé kankan. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ta tapólì, kí iṣẹ́ pẹ́. Irin kì í kú bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì na ìwé sí yín pé kí ẹ ka tòun fún òun, ẹ kà á bó ṣe wà, ì báà jẹ́ pé ìwé náà yóò gba àga lábẹ́ ìdí yín.

Ìwọ ìyàwó wa, mo mọ̀ pé ọmọ rẹ ni yóò ka èyí sí ọ létí, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fo ọ̀rọ̀ kan. Kò sí ìpara tó lè ṣe ohun tí wọ́n ní kí iṣẹ́ abẹ ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì tìrẹ kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ọkọ rẹ ní iṣẹ́ lábẹ́ òrùlé, ó ní ẹni tó fẹ́ gé egbò náà nígbà tó ṣì kéré. Èmi ni mo dúró láàárín òun àtàwọn. Mi ò tíì lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, bí o kò bá sì dárí jì mí láé, o kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tí mo fún ọ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo gbà á padà. O kò ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí mo lè dárí rẹ̀ jì ọ́. Dìde lórí ìkúnlẹ̀, ìyàwó wa. Èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀ yẹn.